Ọ̀rọ̀ Lémọ́mù: Ẹ Má Fi Ohùn Ẹlòmíì Jẹ Ìyá Àdínì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, asàlámù àlékùm.

Bí ẹgbẹ́ àsàlátù bá fẹ́ yan Ìyá Àdínì tuntun, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń ṣáájú lẹ́nu wa: ta ló lówó lọ́wọ́, ta lohùn rẹ̀ ròkè. Bí wọ́n bá sì ti wé láwàní lé onítọ̀hún lórí tán, ojú ẹni àná ni wọ́n á máa fi wò ó. Bí ìyá àná bá jẹ́ abẹnugan, àfi kí tòní máa pariwo. Bí tàná bá máa ń dá owó ìrẹsì ná níbi gbogbo ìsọmọlórúkọ, tòní á lọ yáwó kó má baà tẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sá fún ìpàdé. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù ló fún un lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìgbéraga làwọn ènìyàn á pè é.

Ní Súrà Al-Kasas, ẹsẹ 26, obìnrin ni Ọlọ́hun fi ìlànà yíyan òṣìṣẹ́ sí lẹ́nu. Ọmọbìnrin bàbá arúgbó ará Mádíyànà ní kí bàbá òun gba Ànábì Músá síṣẹ́, pé ẹni tó dára jù láti gbà ni alágbára tó ṣeé fọkàn tán. Nǹkan méjì ni, ọ̀kan ò sì lè dípò èkejì. Abu Dharr wà lára àwọn sàábé, àwọn tó bá Ànábì wa gbé ayé, tí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun wọn ò ní àbùkù, síbẹ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún un pé kò lágbára ìṣàkóso, kó má ṣe olórí lé ènìyàn méjì pàápàá. Agbára tirẹ̀ wà níbòmíì. Nítorí náà, bí ẹ bá ní obìnrin kan kì í fi ìrun jáfara, ẹ ò tíì sọ bóyá ó lè tọ́jú àpótí owó.

Ẹ wo Ummu Salama, ìyàwó Ànábì, ní Hudaibiya lẹ́bàá Mẹ́kà, ní ọdún kẹfà Híjíra, tí í ṣe 628. Wọ́n ti bá àwọn ará Mẹ́kà kọ̀wé àdéhùn tán, ó sì dun àwọn sàábé pé wọn ò ní wọ Mẹ́kà lọ́dún náà. Ànábì ní kí wọ́n dìde pa ẹran wọn, kí wọ́n fá orí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó mira. Ó wọ inú àgọ́ lọ bá Ummu Salama. Ìyá yìí ò jáde lọ bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní: ẹ jáde, ẹ má bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹ pa ẹran tiyín, ẹ pe ẹni tó máa fá orí yín. Ànábì ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì dìde. Ẹ̀bùn obìnrin yẹn ni pé ó mọ inú ènìyàn. Ó rí i pé ìbànújẹ́ ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì lè tú u. Ohun tí wọ́n máa fojú rí ló lè tú u.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti Ummu Atiya, obìnrin kan nínú àwọn sàábé. Ogun méje ló bá Ànábì lọ, ó ń se oúnjẹ, ó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ti gba ìlànà wíwẹ òkú obìnrin: ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó sáà jẹ́ wítírì, iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí káfúrà sì wà nínú omi ìkẹyìn. Ní ti Nana Asma'u (1793–1864), ọmọ Shehu Usman dan Fodio, kálámù ni tirẹ̀. Ó ń fi ewì kọ ẹ̀kọ́ kí àwọn obìnrin abúlé lè há a sórí, àwọn aṣáájú tí wọ́n ń pè ní jaji sì ń kó wọn wá bá a. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra. Amọ̀ kan náà làwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, ní Ìlọrin, fi ń mọ àmù àti ìkòkò ọbẹ̀, ẹ ò sì ní bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lu àmù kó lè di ìkòkò.

Báwo la ó ṣe mọ ohun tó wà lára kálukú? Ẹ má bi í ní gbangba. Ojú á tì í, tàbí kó sọ ohun tí etí ń fẹ́. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan, ìbéèrè márùn-ún. Bí obìnrin kan bá kú lóru, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè? Bí méjì bá ń jà, ta ni wọ́n máa gbà fún? Ta lẹ lè gbé owó lé lọ́wọ́ láì kà á? Ta ló lè bọ́ igba ènìyàn tí oúnjẹ ò ní ṣòfò, tí kò sì ní dín? Ta làwọn ọmọ ilé kéwú máa ń rọ̀ mọ́? Kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde dáadáa, bíi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọgbọ̀n bébà, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí ẹ bi í: nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, èwo lẹ ń ṣe tí kì í rẹ̀ yín? Èwo lẹ ń ṣe torí pé kò sẹ́lòmíì? Ẹ tẹ́tí sí ìdáhùn kejì gan-an. Ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń gbó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́ kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta kí oyè tó dé, kí àṣẹ sì bá iṣẹ́ lọ. Ibí làwa ọkùnrin ti ń bà á jẹ́ jù. A ó fi obìnrin ṣe olórí oúnjẹ Máólúdì, ó ti ṣírò pé ìdajì àpò ìrẹsì, kílò 25, á tó igba ènìyàn, bàbá kan tí kò dáná rí á ní kí wọ́n ra àpò méjì. Bí oúnjẹ bá wá ṣòfò, ọrùn obìnrin ló ń já sí. Ẹ sọ iye owó tó wà nílẹ̀ fún un, kí ẹ yọwọ́.

Ìwà rere pàápàá ní ibi tí kì í bá a mu. Aláàánú, ẹ má fi ṣe akápò. Yóò yá ẹni tó ń sunkún lówó àpótí, kò sì ní lẹ́nu láti bèèrè rẹ̀. Ẹ fi ṣe ẹni tí yóò máa bẹ àwọn aláìsàn àti opó wò, kí owó wà lọ́wọ́ ẹni tó le lẹ́nu díẹ̀. (Onítọ̀hún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an lọ parí ìjà.) Ìyá tó ti ń tajà ní Ọjà Ìpàta láti ọgbọ̀n ọdún, tó ń forí ṣírò, ẹ má torí pé kò mọ̀wé gba iṣẹ́ akápò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí yóò máa bá a kọ ọ́. Kí méjì ka owó kí ẹnikẹ́ni tó dìde, kí ẹ̀kẹta kọ ọ́, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá kéré, kó bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣáájú ìpàdé, kó mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré wá, kí ẹlòmíì tó lóhùn bá a kéde.

Àlàádì tó ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, la ó pín bébà náà. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé kéwú yóò jókòó sẹ́yìn láti bá àwọn ìyá tí kò lè kọ̀wé kọ tiwọn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ìyàwó yín kọ ọ́.