Ẹ fún ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ láàyè níbi tí wọ́n ti ń pín owó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ ọdún 26 ni mí, aṣọ ni mò ń rán ní Òkè-Ògùn, mo sì ti wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa láti ọdún méjì. Ìgbà mẹ́ta péré ni ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ pè wá: ẹ̀ẹ̀kan láti wá to àga, ẹ̀ẹ̀mejì láti wá gba fìlà olóṣèlú.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìlú. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè. Bẹ́ẹ̀, àwa ọmọbìnrin la ń pọnmi. Àwa la mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ọjà ni ìyà omi wà, níbi tí kànga ti ń gbẹ kí oṣù Kejìlá tó parí. Títí di òní, aago mẹ́rin ìdájí làwọn àbúrò mi ń jí lọ sódò, wọ́n sì ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ká ní ẹnì kan nínú wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni à bá fi ṣàlàyé.

Àwọn àgbà ní ká ní sùúrù, pé àwa ni olórí ọ̀la. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n òní la ń pọnmi.

Òfin ọdún 2018 tó sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ di ọdún 25 dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ mélòó nínú wa ló lówó fọ́ọ̀mù? Ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ ò béèrè owó fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni ọmọ tálákà ti lè sọ̀rọ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ táwọn kánsẹ́lọ̀ bá ń jíròrò bí wọn yóò ṣe ná an, kí ọ̀dọ́ méjì jókòó tì wọ́n, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kó sì jẹ́ ọ̀dọ́ lóòótọ́. Ìwé àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní Banjul lọ́dún 2006, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, ní ọ̀dọ́ kò kọjá ọmọ ọdún 35. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ alága ọ̀dọ́ tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì. Èèyàn rere ni, àmọ́ kò rántí mọ́ bí garawa ṣe ń wúwo lórí.

Wọ́n ní kànga kejì ń bọ̀. A ti kọ ibi tó yẹ kó wà sínú ìwé, a sì ti yan àwọn méjì tí yóò lọ sọ ọ́. Ìpè la ń retí.

Aránṣọ kan,
Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́