Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akéde ni mí. Mo ka ìròyìn lédè Yorùbá lórí rédíò títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ṣe atọ́kùn ètò táwọn ará ìlú ti máa ń pè wọlé, nítorí náà kì í ṣe àjèjì ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ojú ewé tí ẹ ti ń tẹ ohun tí àwọn òǹkàwé bá fi ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan pe odidi ẹ̀yà kan ní ìdun níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti wà lára ibùsùn wa tipẹ́, ó ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì síta, ká da omi gbígbóná sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò fi gbólóhùn kan tì í. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí kò tíì pẹ́ tí mo ti Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, dé nígbà tí mo kà á.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ síbẹ̀, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ara ọlọ́mọ ti le díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ mú mi jáde kí n rí ìlú. Mo ní kó mú mi lọ sí Gisozi, níbi ilé ìrántí àwọn Tutsi tí wọ́n pa nípakúpa lọ́dún 1994. Ó wò mí, ó ní, "Màámi, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ o." Mo ní mo mọ̀.

Orí òkè ló wà, ó dojú kọ àárín ìlú. Oṣù Kẹrin ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí ìpakúpa náà pé ọdún mẹ́wàá. Ibojì ni mo kọ́kọ́ lọ wò: kọnkéré pẹrẹsẹ tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, àwọn èèyàn gbé òdòdó lé e. Òkú tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní 250,000. Nítòsí ibẹ̀ ni ògiri tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, àmọ́ orúkọ ara ògiri kò sún mọ́ iye òkú tó wà nílẹ̀ rárá. Àwọn ìdílé kan tán pátá, kò ṣẹ́ ku ẹni tó máa wá sọ pé báyìí ni ìyá mi ń jẹ́, báyìí ni bàbá mi ń jẹ́. Àwa tó jẹ́ pé àdúrà wa lójoojúmọ́ ni kí ọmọ ẹni gbẹ̀yìn ẹni, mi ò mọ bí a ṣe lè dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kí omijé má bọ́.

Nínú ilé, wọ́n to ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Hutu, Tutsi àti Twa. Èdè Kinyarwanda ni gbogbo wọn ń sọ, Imana kan náà, ìyẹn Ọlọ́run, ni wọ́n ń pè, wọ́n jọ ń gbé orí òkè kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ló fún oníkálukú ní káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀yà sí, láàárín ọdún 1930 sí 1939. Wọ́n ti pa Tutsi lọ́dún 1959, wọ́n tún pa wọ́n lọ́dún 1963. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, káàdì yẹn náà ni wọ́n ń béèrè lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá kọ Tutsi sí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni wọ́n yìnbọn já bàálù tó gbé Juvénal Habyarimana, ààrẹ Rùwáńdà, àti Cyprien Ntaryamira, ààrẹ Bùrúńdì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn sójà àti jàǹdùkú Hutu tó fẹ́ pa Tutsi run fi dí ọ̀nà káàkiri Kigali. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa Agathe Uwilingiyimana tó jẹ́ olórí ìjọba, Hutu tí kò fara mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì pa sójà Bẹ́ljíọ̀mù 10 tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ó kéré tán, èèyàn 800,000 ló kú. Ìjọba Rùwáńdà ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa á rántí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún yẹn fún nǹkan mìíràn. Ọjọ́ náà ni Amuneke gbá bọ́ọ̀lù méjì wọ àwọ̀n Zambia ní Tunis, tí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fi di tiwa. Ojú títì kún fún ijó àti orin. Rùwáńdà wà nínú ìròyìn tí mo kà lọ́jọ́ kejì, ìlà díẹ̀ ni, bí àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn òkè òkun ṣe fi ránṣẹ́ sí wa: ìjà ẹ̀yà.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù lọ ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa rédíò àti ìwé ìròyìn. Àna mi ti lọ síwájú, ó tún padà wá wò mí. RTLM ni wọ́n ń pe rédíò náà, oṣù Keje ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ariwo ogun ni wọ́n ń pa látàárọ̀ dalẹ́ o. Orin Kóńgò tó ń mú ara yá ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́, àti àwàdà, àti òfófó ìlú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn dùn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè ìlú bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ọjà, olùgbọ́ sì lè pè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju rédíò ìjọba lọ. Mo mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo ti ṣe é. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jókòó sídìí màíìkì, tó sọ̀rọ̀ kan, tó sì mọ̀ pé ẹni tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń rẹ́rìn-ín lásìkò yẹn gan-an. Agbára ńlá ni. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ti ń pe Tutsi ní aáyán, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ejò, títí tí kò fi jẹ́ nǹkan kan létí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí oṣù Kẹrin wá dé, àwọn ohùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ yẹn náà ló ń dárúkọ èèyàn, tó ń dárúkọ àdúgbò, tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ fún àwọn tó mú àdá dúró lójú ọ̀nà. Àwọn yẹn sì gbé rédíò kékeré dání, wọ́n ń gbọ́.

Obìnrin ni ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn náà, Valérie Bemeriki. Ilé ẹjọ́ gacaca, níbi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń dá ẹjọ́ ìpakúpa náà, sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére lọ́dún 2009. Obìnrin bíi tèmi, iṣẹ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ìwé ìròyìn náà ńkọ́? Kangura ni, Hassan Ngeze ni olóòtú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó tẹ òfin mẹ́wàá jáde fún àwọn Hutu: ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ obìnrin Tutsi, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá bá wọn da òwò pọ̀, kí Hutu má sì ṣàánú Tutsi mọ́. Lọ́dún 1991, ó ya àdá sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì béèrè irú ohun ìjà tí wọ́n máa fi ṣẹ́gun àwọn aáyán. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín èyí àti 1994. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjijì. Gbogbo àsìkò yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí fẹ́ńdọ̀ ń tà á, tí èèyàn ń rà á lọ sílé bí wọ́n ṣe ń ra tiyín.

Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha, lórílẹ̀-èdè Tanzania, dá Ngeze lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, òun àti Ferdinand Nahimana, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìtàn tó wà lára àwọn tó dá RTLM sílẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́dún 2007, ó di ọdún 35 fún olóòtú, ọdún 30 fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí Ngeze tẹ̀ àti ohun tí rédíò Nahimana gbé sáfẹ́fẹ́ wà lára ohun tó gbé wọn dẹ́wọ̀n. Amẹ́ríkà sì ní bàálù tó lè dí rédíò náà lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀, nǹkan bíi dọ́là 8,500 fún wákàtí kan, wọ́n ní òfin náà ò fàyè gbà á. Wọ́n fi í sílẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ.

Òkè ni yàrá àwọn ọmọdé wà. Àwòrán ńláńlá ni, ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, wọ́n wá kọ nǹkan díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan: ó fẹ́ràn kó máa lúwẹ̀ẹ́. Ẹyin àti ọ̀dùnkún díndín ló fẹ́ràn láti jẹ, mílíìkì àti Fanta ló fẹ́ràn láti mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kòríkòsùn rẹ̀. Àdá ni wọ́n fi ṣá a pa. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan: bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn, ó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, dókítà ló fẹ́ dà. Wọ́n dá a lóró títí ó fi kú. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn síbẹ̀: "UNAMIR máa wá gbà wá."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo wẹ ọmọ-ọmọ mi, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn òróró ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wá ibi jókòó, kò sí àga nítòsí, mo fara ti ògiri.

UNAMIR tí ọmọ yẹn ń retí ni àwọn sójà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ ṣọ́ àlàáfíà, nǹkan bí 2,500. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹrin, tí òkú ti kún ojú pópó, Ìgbìmọ̀ Ààbò pinnu pé kí wọ́n dín wọn kù sí 270. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, ọmọ Ìlọrin sì ni aṣojú wa níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fi kún sójà, àwọn alágbára ò gbà, ìgbà tó sì di ọjọ́ ìdìbò, gbogbo ọwọ́ ló gòkè, tiwa náà wà níbẹ̀. Gánà ní tirẹ̀ kò kó gbogbo sójà rẹ̀ lọ. Ọ̀gágun ará Sẹ̀nẹ̀gà kan náà wà, Captain Mbaye Diagne, tó ń fi ọkọ̀ kó àwọn tí wọ́n fẹ́ pa kọjá ibi tí wọ́n dínà. Kò yìnbọn. Ẹ̀rín àti àwàdà ló fi ń bá àwọn aládàá sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ní kó máa lọ. Ó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún là kí bọ́ǹbù tó pa á lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Àwàdà ni RTLM fi ń pànìyàn, àwàdà ni Diagne fi ń gbà wọ́n là.

Olóòtú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ láàárín tiwa. Ọmọ Oòduà ni Ifẹ̀, ọmọ Oòduà ni Modákẹ́kẹ́, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí láti ọdún 1997 sí 2000. Lọ́dún 2023, lásìkò ìbò gómìnà ní Èkó, wọ́n lé àwọn kan níbi ìdìbò torí pé ojú wọn jọ ojú Ìgbò, èdè wa yìí ni wọ́n sì fi lé wọn. Mi ò sọ pé kí ẹni tó jìyà dákẹ́. Àwọn tí wọ́n pa ní Igangan ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹ máa bi ìjọba léèrè wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa bi ọlọ́pàá léèrè. Ẹni tó bá pànìyàn, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá òbí rẹ̀ wá gbé àdúgbò wa, tó ń lọ síléèwé, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, òun náà wà lára "ìdun" tí ẹ tẹ̀ yẹn. Òun náà ni wọ́n ní ká da omi gbígbóná sí lára.

Ẹ lè ní ohun tí òǹkàwé ń rò lẹ kàn tẹ̀. Nígbà tiwa, bọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ wa. Bí olùpè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀yà, á gé e. Àwọn kan bú wa, wọ́n ní a ti gba rìbá. A fara dà á. Ẹ̀yin tiẹ̀ ní àǹfààní tí àwa ò ní: kò sẹ́ni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì yín láti ọjọ́ tó ti wọlé títí di òru tí ẹ gbé ìwé lọ síbi ìtẹ̀wé. Ẹnì kan kà á. Ẹnì kan ní kó wọlé.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí ojú ewé yẹn máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí a mọ̀ ọ́n. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ tó bá pe ẹ̀yà kankan ní ẹranko tàbí kòkòrò, tó bá ní kí wọ́n pa wọ́n tàbí lé wọn, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà tí gbogbo wa ń bínú sí. Tí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin bá tún dé, ọjọ́ tí Rùwáńdà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrántí rẹ̀, ẹ wá ojú ewé kan fún ìtàn RTLM àti Kangura, kí àwọn ọmọ tó ń ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ báyìí lè kà á lédè tiwọn.

Ojú ewé tí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìdun sí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ lẹ́tà yìí sí. Bí àyè ò bá tó, ẹ gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ara mi kúrò, kí ẹ fi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akéde tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.