Baghdad ni, kì í ṣe Cairo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ológun tó di olóṣèlú nílẹ̀ Lárúbáwá dùn ún kà, àmọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kọ́ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé yín ní ìfipágbàjọba ti Nasser, ọ̀gá ológun Íjíbítì, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cairo, lọ́dún 1952, ni àkọ́kọ́. Rárá o. Síríà nìkan ti rí ìfipágbàjọba mẹ́ta lọ́dún 1949. Kí ti Síríà náà tó dé, Baghdad ti rí tirẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 1936. Ẹni tí wọ́n sì pa lọ́jọ́ yẹn ni Ja'far al-Askari, mínísítà tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì gan-an sílẹ̀. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Baghdad ni wọ́n bí Ja'far sí lọ́dún 1885, nígbà tí Ìráàkì ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì. Ó kàwé ológun jáde ní Istanbul lọ́dún 1904, wọ́n sì tún rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Jámánì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Ọ́tómánì ní kó lọ ṣáájú àwọn jagunjagun Sanusi, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí kan láti Líbíyà, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Íjíbítì, kí wọ́n máa bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ní Agagia, lọ́jọ́ 26 oṣù Kejì, 1916, àwọn ẹlẹ́ṣin Dorset Yeomanry ya bò wọ́n pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Nínú àwọn ẹlẹ́ṣin náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí Ja'far mú tòun tọgbẹ́.

Wọ́n tì í mọ́lé ní Cairo. Ó so àwọn aṣọ ìbora pọ̀, ó fi ṣe okùn, ó sì ń fi sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri lóru. Ọkùnrin náà sanra. Aṣọ já, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n tún mú un, ó ní òun á san owó aṣọ ìbora tó bà jẹ́. Inú àhámọ́ yìí náà ló ti gbọ́ pé Jamal Pasha, gómìnà Ọ́tómánì ní Síríà, ti so àwọn Lárúbáwá tó ń jà fún òmìnira kọ́ ní Damascus àti Beirut lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1916. Ìyẹn ló yí i lọ́kàn padà. Ó lọ bá Faisal, ọmọ ọba Lárúbáwá tó ń ṣáájú ọ̀tẹ̀ sí ìjọba Ọ́tómánì, ó di olórí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ológun, Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ lé ti Jámánì tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, Ìráàkì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, 1921 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì sílẹ̀. Ja'far ni mínísítà ètò ààbò. Nuri al-Said, tó fẹ́ àbúrò rẹ̀ tí òun náà sì fẹ́ ti Nuri, ni olórí òṣìṣẹ́ ológun. Orúkọ Imam Musa al-Kadhim, tí sàréè rẹ̀ wà ní Baghdad tí àwọn Ṣíà ń bọ̀wọ̀ fún, ni wọ́n fi sọ bàtálíọ̀nù àkọ́kọ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí Sunni ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun. Àwọn tó fúnra wọn wọṣẹ́ ni ọmọ ogun nígbà náà, owó oṣù wọn sì ń wọ ìjọba lọ́rùn. Nígbà tí Ja'far di olóòtú ìjọba lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé òfin kan wá lọ́dún 1927 pé kí wọ́n máa fi dandan mú ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun. Àwọn ẹ̀yà Ṣíà kọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì tì í lẹ́yìn, òfin náà bá kú. Ọdún 1934 ni irú rẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ibi tí nǹkan ti wọ́ nìyí. Lọ́dún 1935, ọ̀tẹ̀ àwọn ẹ̀yà tó wà létí odò Euphrates ló gbé Yasin al-Hashimi dé ipò olóòtú ìjọba. Bó ṣe jókòó tán, tí ọ̀tẹ̀ mìíràn sì bẹ́, ọ̀gá ológun kan, Bakr Sidqi, ló rán lọ fọ́ wọn. Bakr yìí náà ni orúkọ rẹ̀ ti ròkè látàrí ìpakúpa àwọn Assyria, ìyẹn àwọn Kristẹni kan ní àríwá Ìráàkì, ní oṣù Kẹjọ, 1933. Ọ̀pá tí wọ́n fi na ìyálé wà lájà fún ìyàwó, Ja'far sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ mínísítà ọ̀hún ní tirẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀, a kò lè fi bò.

Taha al-Hashimi, ẹ̀gbọ́n-tàbúrò Yasin tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ológun, rìnrìn àjò. Bakr ló ń dele dè é. Àsìkò ìdánrawò ológun ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń kó jáde. Ní àárọ̀ Thursday, ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, 1936, ọkọ̀ òfuurufú fọ́n ìwé pélébé sórí Baghdad pé kí ọba Ghazi lé Yasin kúrò, kó sì fi Hikmat Sulayman, olóṣèlú tó wà lẹ́yìn Bakr, rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ju bọ́ǹbù díẹ̀. Ọba kọ lẹ́tà sí Bakr pé kó dá àwọn ọmọ ogun dúró, Ja'far sì ní òun á gbé e lọ. Ẹ̀rù Ja'far ń ba Bakr, torí bí àwọn ọmọ ogun bá fojú kàn án, ọkàn wọn lè yí. Ló bá rán àwọn ọ̀gá ológun kan lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀bá ọ̀nà wéréwéré. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Hikmat ti di olóòtú ìjọba.

Nuri sá lọ sí Cairo. Ikú Ja'far bí ọ̀pọ̀ ológun nínú, kò sì tó ọdún kan tí wọ́n fi yìnbọn pa Bakr náà ní pápákọ̀ òfuurufú Mosul, lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ, 1937. Láti 1936 sí 1941, ìgbà méje ni àwọn òpìtàn kà tí ológun Ìráàkì ti ọwọ́ bọ ìjọba.

Bí apá kejì bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Baghdad ṣíwájú. Nuri al-Said, tó di igi lẹ́yìn ọgbà ìjọba Ìráàkì títí wọ́n fi pa á ní oṣù Keje, 1958, tó kí ẹ kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Emi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn