Ọ̀rọ̀ Ceres àti Àwa Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀lẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní òun kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Àdó, òun rí àwọn àgbàlagbà tó ń pariwo mọ́ra wọn lórí fíìmù òyìnbó tí ọkọ̀ ti ń fò láàárín ìràwọ̀, àti pé obìnrin arúgbó kan ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri fún wọn. Ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo wa. Ó tún ní bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì bá wù wá í sọ, ká lọ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èmi ni arúgbó náà. Kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, èédú ni.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Físíìsì ni wọ́n ń pè mí nígbà náà, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò báyìí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ta pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì, a ń pè é ní Bàbá Sólà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń pàdé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí pé iná kì í lọ níbẹ̀. Àwa márùn-ún mìíràn ni: Alfa kan, Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣe iṣẹ́ òru, Dírẹ́bà ọkọ̀ akérò, Ọmọ Póólì tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti èmi.

The Expanse ni orúkọ fíìmù tí à ń wò. Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, apá 62 ló sì jẹ́ kó tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Fún ẹni tí kò wò ó: ó di ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sí i, ènìyàn ti ń gbé lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, wọ́n sì tún ń gbé inú àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter. Ayé lówó, Mars ní ohun ìjà. Àwọn ará àpáta, tí wọ́n ń pè ní Belter, ló ń wa yìnyín àti irin fún àwọn méjèèjì, àwọn náà ló sì ń sanwó afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí símú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí a débẹ̀, Dírẹ́bà, tó ń ra omi tánkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kígbe pé, “Ẹ má jẹ́ kí ìjọba wa wo eléyìí o!”

Dírẹ́bà náà ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè gidi. Ó ní, “Ìyá, níbo ni búréèkì wà nínú ọkọ̀ yìí?”

Mo ní kò sí. Kò sí títì tí táyà máa họ mọ́, kò sì sí atẹ́gùn tó máa dá a dúró. Bó bá ti ń lọ, á kàn máa lọ ni. Torí náà, bí wọ́n bá dé agbedeméjì ọ̀nà, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kọ ìdí ọkọ̀ sí ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì tàn, kó máa fi agbára tì wọ́n lẹ́yìn padà títí eré náà á fi tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ inú ọkọ̀ wọn, Rocinante, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò rí bíi bàálù. Ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, àwọn awakọ̀ wà lókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń tì wọ́n, ẹsẹ̀ wọn á tẹ ilẹ̀ bíi pé ilé ni wọ́n wà.

Dírẹ́bà ronú díẹ̀. Ó ní, “A jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú báyìí, wọ́n á máa fò káàkiri inú ọkọ̀ bí ìyẹ́ adìẹ.”

Olóòtú, gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ òfin Newton ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kan kò gbé e kalẹ̀ fún mi báyẹn rí. Ọmọ Póólì wá gbé fóònù rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ pé bí ọkọ̀ kan bá lè tẹ ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀ bí Ayé ṣe ń ṣe, láìsinmi, kò ní tó ọjọ́ méjì tí yóò fi dé Mars nígbà tó bá súnmọ́ wa jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 kìlómítà. Nǹkan bí oṣù méje ni ó ń gba rọ́kẹ́ẹ̀tì òde òní. Níbi ẹ́ńjìnnì yẹn ni àwọn tó kọ ìtàn náà ti yá ọgbọ́n lò. Ẹni méjì ni wọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, James S. A. Corey. Wọn ò ṣàlàyé bí epo rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, a sì ti dárí jì wọ́n.

Ariwo tí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbọ́, ti Ceres ni. Ceres ló tóbi jù nínú àwọn àpáta tó wà láàárín Mars àti Jupiter, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 940 kìlómítà. Piazzi, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ló kọ́kọ́ rí i láti Palermo ní Ítálì ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801. Ọkọ̀ Dawn ti NASA, iléeṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ọdún tí fíìmù yìí bẹ̀rẹ̀ gan-an. Nínú fíìmù náà, wọ́n ti ti Ceres kó máa yí kíákíá, kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè ní ìwúwo tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa. Ẹ rọ omi sínú garawa, kí ẹ máa fì í yípo yípo: omi ò ní dànù, ìdí garawa ló máa lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń rìn nínú Ceres, ẹsẹ̀ wọn kọ sí ìta, orí wọn kọ sí àárín àpáta.

Ó dára. Ṣùgbọ́n mo mú èédú, mo ṣírò rẹ̀ sára ògiri Bàbá Sólà. Kí wọ́n tó lè ní irú ìwúwo yẹn, Ceres gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó wà lókè lónìí ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Òòfà Ceres fúnra rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra, kò sì tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n tiwa. Agbára tó ń jù ú síta á wá ju èyí tó ń fà á mọ́ra lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Mo ní àpáta náà á fọ́n ká bí ẹrẹ̀ ara táyà.

Alfa ní rárá. Ó ní àpáta kì í ṣe ẹrẹ̀, ṣé Olúmọ ti fọ́n ká rí?

Mo ní Olúmọ kò yí.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Ayé ń yí, Ìyá. Ṣé Abẹ́òkúta kò sí nínú Ayé ni?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí 24 ló fi ń yí, òòfà Ayé sì lágbára. Ọmọ Póólì gbè mí, ó ní yìnyín àti iyọ̀ pọ̀ nínú Ceres gan-an. Bàbá Sólà ní kí wọ́n fi wáyà irin dì í. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń kọjá lọ.

Síbẹ̀, àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo ibi tí ọlọ́pàá Miller ti ń bu ọtí sí ife nínú Ceres: ọtí náà kò sọ̀kalẹ̀ tààrà, ó tẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ní kí Bàbá Sólà dá a padà. Bí ilẹ̀ bá ń yí lábẹ́ ohun tó ń já bọ́, bó ṣe máa rí lójú ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ náà nìyẹn, àmọ́ wọ́n bù mọ́ ọn: ní Ceres gidi, títẹ̀ náà ìbá kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú fíìmù, wọ́n kàn fi han ẹni tó bá lójú. Ní ti Nọ́ọ̀sì, àwọn Belter tó ga tí egungun wọn sì gbẹgẹ́ ló dùn mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn tó ń gbé ibùdó òkè òfurufú lóde òní ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára egungun wọn lóṣooṣù, àfi kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá kíkankíkan.

Àbùkù náà wà ńbẹ̀. Ariwo ìbọn ń dún níbi tí atẹ́gùn ò sí, inú sì máa ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún Alfa nígbà tó ní ọ̀rọ̀ àpáta Eros ba sáyẹ́ǹsì fíìmù náà jẹ́. Ní síísìnì kejì, Eros ṣàdédé yẹ̀ fún ọkọ̀ tó fẹ́ kọlù ú, ẹni tó wà nínú Eros kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù bà mí lórí àga. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ apá kọ́ wa pé ohunkóhun kò lè yà láìjẹ́ pé ara ẹni gbọ̀n, kí wọ́n tó wá rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbá jẹ́ fíìmù tí gbogbo nǹkan ti ń fò bó ṣe wù ú ni, ta ni ìbá bìkítà?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ “òòfà” ti wà nínú ìwé tipẹ́. Àwọn tó kù, ara wa la fi wá a. Ọtí Miller tó tẹ̀, “ẹ̀tàn ìyípo” la pè é, torí pé ojú ni ìyípo náà ń tàn. Dírẹ́bà fẹ́ pe ọgbọ́n ìdúró ọkọ̀ ní “ríbáàsì”, mo kọ̀ ọ́, torí pé ọkọ̀ náà ṣì ń lọ síwájú. “Yídìí-dúró” la wá fẹnu kò sí. Ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ kó tó dé Mars, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí nǹkan bí 22, Alfa pè é ní “ìdúró-de-ohùn”. Wọ́n ń gba èdè lọ́wọ́ ara wọn nínú fíìmù náà pẹ̀lú. Onímọ̀ èdè kan, Nick Farmer, ló ṣe èdè Belter fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ẹni tó wọ aṣọ òfurufú, bó mi orí nínú akoto, ta ló máa rí i? Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn rẹ̀, “welwala” ni wọ́n ń pè é. Èmi ò pe ọ̀gbẹ́ni yẹn bẹ́ẹ̀ o. Alfa ni.

Ní ti ọ̀lẹ, iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé fíìmù náà jáde pa á tì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún buwọ́ lùwé, wọ́n dáwó, wọ́n háyà bàálù kan tó fa àsíá kọjá lókè ọ́fíìsì Amazon. Kí oṣù náà tó parí, Jeff Bezos, ọ̀gá Amazon nígbà náà, kéde rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Los Angeles pé Amazon ti gbà á. Síísìnì mẹ́ta sí i la rí wò. Nínú síísìnì kẹrin ni obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti jáde, Okoye ni orúkọ bàbá rẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹ bá mi bẹ ọ̀gbẹ́ni yẹn kó wá lọ́jọ́ Àìkú. A ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a dé síísìnì kẹta. Kó mú àga tirẹ̀ wá, torí pé mẹ́fà péré ni Bàbá Sólà ní. Ìṣirò Ceres ṣì wà lára ògiri, Alfa kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ó ní òun ṣì máa rí ibi tí mo ti ṣì í.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Físíìsì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.