Ẹ Má Fi Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Pín Ọ̀rọ̀ Iyè Inú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí a ti sọ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Ìwọ̀-oòrùn ka iyè inú sí iṣẹ́ ọpọlọ lásán, àti pé àwọn ti Ìlà-oòrùn kà á sí ohun mímọ́ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. Iyè inú tí mo ń wí ni ohun tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun wà, pé òun ń ríran, pé nǹkan ń dun òun. Ó dùn mí pé a ń la ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó báyìí sí méjì bí ẹni la igi, nítorí pé àríyànjiyàn náà gbóná nínú ilé kọ̀ọ̀kan kí ó tó kan àárín ilé méjèèjì.

Ẹ wo Íńdíà nìkan. Àwọn Charvaka, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbà pé kò sí ọkàn tí ó yàtọ̀ sí ara, sọ níbẹ̀ láti ayébáyé pé inú ara ni iyè inú ti ń jáde, gẹ́gẹ́ bí agbára ìpani-bí-ọtí ṣe ń jáde láti inú ọkà tí a pọn, bẹ́ẹ̀ agbára náà kò sí nínú hóró ọkà kan. Búdà pẹ̀lú bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, Sati, wí, nígbà tí ìyẹn ń sọ pé iyè inú kan náà ni ó ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní ohun tí ó bá fa iyè inú ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń fi ohun tí iná ń jó dárúkọ iná. Ní 1739, David Hume, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Scotland, kọ ọ́ pé nígbàkigbà tí òun bá wo inú ara òun, ooru tàbí òtútù, ìfẹ́ tàbí ìkórìíra ni òun ń bá pàdé, òun kò rí 'èmi' kankan rí. Lójú tèmi, Hume súnmọ́ Búdà ju bí ó ṣe súnmọ́ Descartes lọ, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Faransé tí ó gbà pé 'èmi' tí ń ronú dájú ju ohunkóhun lọ.

Ọ̀rọ̀ oorun ni ó fi èyí hàn mí jùlọ. Descartes kọ́ni pé ríronú ni ìwà ọkàn, nítorí náà ọkàn kì í dákẹ́, kódà nínú oorun àsùnwọra. Ìgbàgbé ni ó ń jẹ́ kí a rò pé ó dákẹ́. John Locke, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta kò ó nínú ìwé tí ó gbé ọdún 1690: báwo ni ènìyàn ṣe lè máa ronú kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀? Ìjà yìí gan-an ni wọ́n jà ní Íńdíà. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shankara, olùkọ́ Híńdù ayé àtijọ́, tí a ń pè ní Advaita, mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ nígbà tí ó bá jí: 'Mo sùn dáadáa, n kò mọ nǹkan kan.' Wọ́n ní ìrántí ni ọ̀rọ̀ yẹn, ènìyàn kì í sì í rántí ohun tí kò ṣojú rẹ̀; a jẹ́ pé ohun kan wà nínú oorun náà tí àìmọ̀ ọ̀hún ṣojú rẹ̀. Àwọn Nyaya, ẹgbẹ́ onímọ̀ mìíràn ní Íńdíà, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó jí rí i pé ara òun ti fúyẹ́, pé àkókò ti lọ, pé òun kò ní nǹkan kan láti sọ nípa àkókò náà, ó sì ti ibẹ̀ fòye gbé e pé òun kò mọ nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwọn, iyè inú a máa wà lára ọkàn nígbà kan, kì í sì í sí nígbà mìíràn. Mo rò pé àwọn Nyaya ni ó jàre, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdáhùn tí ó pa àwọn Advaita lẹ́nu mọ́ pátápátá.

N kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ rárá. Ọ̀kan wà, ó sì wà níbi tí a kì í sábà wò. Descartes fa ààlà sí àárín ara tí ó gba àyè àti ọkàn tí ń ronú. Ní 1643, Elisabeth, Ọmọ-ọba Bohemia, kọ lẹ́tà bi í pé báwo ni ọkàn tí kò gba àyè ṣe lè mú ara mì. Ìdáhùn tí ó rí gbà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn Sankhya, ẹgbẹ́ onímọ̀ àtijọ́ mìíràn ní Íńdíà, fa ààlà tiwọn sí ibòmíràn. Èrò, òye, àti 'èmi' pàápàá, ìhà kan náà pẹ̀lú ara ni wọ́n kó wọn sí. Ẹlẹ́rìí, tí wọ́n ń pè ní purusha, nìkan ni ó wà ní òdìkejì. Kì í ronú, kì í ṣe ohunkóhun, ó kàn ń mọ̀ ni. Láti fi ṣàlàyé bí apá méjèèjì ṣe ń bá ara wọn ṣe, wọ́n lo àkàwé arọ tí ó ríran, tí afọ́jú tí ó lè rìn gbé pọ̀n. Mo rò pé Elisabeth ìbá tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí a bá fa ààlà yìí sí ṣe pàtàkì lónìí tí ẹ̀rọ ti ń ṣe ìṣirò, tí ó ń dáhùn ìbéèrè, tí ó sì ń kọ̀wé. Ẹni tí ó bá gbà pẹ̀lú Descartes pé ríronú kò ṣeé yà kúrò lára mímọ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀rọ kì í ronú ní tòótọ́, tàbí kí ó gbà pé ó ní iyè inú. Ẹni tí ó tẹ̀lé Sankhya bọ́ nínú ìdààmú yẹn, nítorí pé èrò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré láìsí ẹlẹ́rìí. Ní 1995, David Chalmers, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Ọsirélíà, gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi tí ó jọ èyí: ó ya ṣíṣàlàyé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣàlàyé ìdí tí ẹni tí ó ni ọpọlọ fi ń mọ nǹkan lára rárá, ó sì ní èkejì ni ìṣòro líle.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi bẹ àwọn tí ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tí wọ́n ń sọ èrò rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé Shankara ni ó sọ báyìí, tàbí pé Locke ni, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó ta kò ó nílé rẹ̀ kí wọ́n tó rékọjá lọ wá ẹni tí ó ta kò ó lókèèrè.

Èmi ni òǹkàwé yín.