Ìkéde Ìpàdé Lórí Iṣẹ́ El Anatsui

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àgbádárìgì, a kí yín o. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa, a ó jíròrò lórí El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tí wọ́n bí ní 1944, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní 1975. Ìdérí ìgò ọtí ni ó ń fi wáyà bàbà so pọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ àwa gan-an lára, nítorí ọtí wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi ra ènìyàn ní etíkun wa. Ó gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, ní Ítálì, ní 2015. Kí oníkálukú mú ogún ìdérí ìgò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́bọ̀ tó parí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́