Ta ni yóò bá wa yẹ ilẹ̀ Ògijo wò?

Sí Olóòtú,

Inú ló bí mi tí mo fi kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fa ọmọ tòmátì kan tu nínú nọ́sìrì mi níbí, ní Ògijo. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ga ju ìka mi lọ, ewé rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Gbòǹgbò rẹ̀ rí kúńtá, ó ti dúdú lórí, kò ní irun wẹ́wẹ́ kankan tí ìbá fi fa omi. Irúgbìn kan náà ni mo gbìn sínú erùpẹ̀ tí àna mi bá mi gbé wá láti Òde Rẹ́mọ. Ìyẹn ti tó lọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí n fi ajílẹ̀ sí i. Mo fi sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní oòrùn ni. Ṣé oòrùn ló ń da eérú dúdú sórí ẹ̀fọ́ mi láràárọ̀? Kò sẹ́ni tó bu erùpẹ̀ lọ yẹ̀ wò rí!

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ ni èéfín náà ti ń wá. Òjé, irin olóró inú bátìrì tó ń bá èéfín náà jáde, kì í jẹrà. Orí ilẹ̀ ló ń jókòó sí, níbi tí gbòǹgbò tuntun ti ń wá oúnjẹ. Irúgbìn á hù, torí èèpo rẹ̀ ń bò ó; bí gbòǹgbò bá ti yọ báyìí, ó parí. Èyí tó bá yè, ọjà la ń gbé e lọ. Ṣé ìjọba ti gbàgbé Zamfara ni, tí òjé inú òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400 ní 2010?

Kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wa wò. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta, ilé ìwádìí wà ní Moor Plantation n'Ìbàdàn. Kí kánsù sanwó fún wọn. Kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan bu erùpẹ̀ oko rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó kọ orúkọ sí i lára, kí èsì sì dé kí a tó tún gbìn. Kí wọ́n lẹ èsì náà mọ́ ògiri kánsù, ká mọ oko tó ṣì gba ẹ̀fọ́ àti èyí tó jẹ́ pé igi gẹdú nìkan ló kù fún un. Ìgbẹ́ adìẹ tó jinná lè dín agbára òjé kù díẹ̀. Kò lè kó o kúrò. Kí wọ́n sì lé àwọn oníbátìrì jìnnà sí oko.

Mo ti bu tèmi sí ọ̀rá mẹ́rin. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ta ni kí n gbé e fún?

Àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan,
Ògijo, Ìpínlẹ̀ Ògùn